Ẹ̀ṣọ́ tí kò dá onílé mọ̀: bí sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara ṣe ń dojú ìjà kọ ọpọlọ àti iṣan

Ìyá kan wà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tí mo máa ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ wọn. Láàárọ̀, ojú wọn á là rekete, wọ́n á máa tú aṣọ, wọ́n á máa pe oníbàárà. Tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ìpéǹpéjú ọ̀tún á ti wálẹ̀ bo ẹyinjú. Mo ti bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ìka kan gbé ìpéǹpéjú náà dúró, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì ka owó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ohùn wọn á máa gba imú jáde, omi ni wọ́n á sì fi máa ti òkèlè lọ́nà ọ̀fun. Bí wọ́n bá sùn tí wọ́n jí, ara á tún ti yá, àfi bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ lánàá.

Ó lé ní ọdún kan tí àwọn ọmọ fi ń gbé ìyá náà kiri. Ibì kan ní ojú ni, wọ́n ní kí wọ́n lọ ra awò. Ibòmíì ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti fẹ́ di rọpárọsẹ̀. Nínú ọjà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni àwọn èèyàn ń sọ ọ́ pé ọwọ́ ayé ni. Ọjọ́ tí èmi náà bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan, ohun tí dókítà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó rán ọmọ wọn lẹ́nu géètì kó lọ ra píọ̀ wọ́tà tó ti dì gan-an. Ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó gbé e lé ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ náà, ó ń wo aago. Ìṣẹ́jú méjì kọjá díẹ̀. Nígbà tó gbé yìnyín kúrò, ojú ìyá là. Ojú méjèèjì dọ́gba. Ọmọ wọn bú sẹ́kún. Kò pẹ́ tí ìpéǹpéjú náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ti rí ohun tó ń wá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀: myasthenia gravis lorúkọ àìsàn náà. Ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá gan-an, tó yẹ kó máa gbèjà wọn, òun ló ń gbógun tì wọ́n. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Láti ìgbà Kòrónà, bóyá Kútọ̀ lẹ ti wọ mọ́tò ni o, bóyá Láfẹ́nwá ni, ẹ ò ní ṣàì gbọ́ ẹni tó ń polówó àgbo tàbí kóró oògùn tó ń fún ọmọ ogun ara lágbára. Mi ò rò pé ẹni tó ń tà á fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí púpọ̀ nínú wa gbà gbọ́ ló ń tà fún wa, pé bí ẹ̀ṣọ́ ara bá ṣe lágbára tó ni ìlera á ṣe pọ̀ tó. Àmọ́ ní oṣù kẹwàá 2025, àwọn mẹ́ta ló gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn, Mary Brunkow, Fred Ramsdell àti Shimon Sakaguchi. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún wọn ni iṣẹ́ wọn lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dá ẹ̀ṣọ́ yòókù lẹ́kun. Ẹni tó bá ti rí ojú ìyá Ìtòkú lọ́sàn-án á mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìdẹ́kun yìí fi tó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń ṣọ́ wa. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Èyí tí wọ́n ń pè ní macrophage, gbígbé mì ni tirẹ̀: kòkòrò o, sẹ́ẹ̀lì tó ti kú o, ohun tó bá ti rí pé kò yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun. Sẹ́ẹ̀lì B ló ń ṣe áńtíbọ́dì, ohun ìjà tín-ínrín tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ọ̀tá kan ṣoṣo tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì T ni Olórógun wọn. Òmíràn nínú wọn ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀, òmíràn ń pàṣẹ. Bí sẹ́ẹ̀lì B bá tiẹ̀ ti rí ọ̀tá, àṣẹ sẹ́ẹ̀lì T ló sábà máa ń dúró dè kó tó da áńtíbọ́dì síta lọ́pọ̀ yanturu.

Olórógun yìí kì í ti inú mùdùnmúdùn bọ́ sójú ogun tààrà. Lẹ́yìn eegun àyà, lókè ọkàn, ẹ̀yà ara kan wà tó ń jẹ́ thymus, tó máa ń tóbi lára ọmọdé tó sì ń súnkì bí èèyàn bá ti ń dàgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán sẹ́ẹ̀lì T wò. Wọ́n á fi oríṣiríṣi nǹkan tó jẹ́ ti ara wa gan-an hàn án. Èyí tó bá fa ìjà yọ sí wọn, ibẹ̀ ni á kú sí. Àwọn tó ń kú síbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń yege lọ fíìfíì. Síbẹ̀ àwọn kan máa ń yọ́ jáde. Èmi tí mò ń kọ èyí ní irú wọn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á náà ní. Kí ló wá dé tí púpọ̀ nínú wa ò ṣàìsàn?

Ara èkúté ni ìdáhùn ti wá. Ní Jàpáánì, wọ́n yọ thymus àwọn ọmọ èkúté ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí wọn. Èèyàn á rò pé ẹ̀ṣọ́ wọn á kéré, pé kòkòrò ni á pa wọ́n. Ẹ̀ṣọ́ wọn ya kìjikìji ni, ó ń ba ẹ̀yà ara tiwọn jẹ́. Sakaguchi wá mú sẹ́ẹ̀lì T láti ara èkúté tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó fi sí wọn lára, ìjà náà sì rọ̀. Ní 1995 ló fi irú sẹ́ẹ̀lì T pàtó tó ń ṣe iṣẹ́ yìí han ayé. Ní 2001, Brunkow àti Ramsdell rí jíìnì kan, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n sọ ní FOXP3, tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́ lára ọmọ, ara ọmọ náà á máa bá ara rẹ̀ jà láti ìkókó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló hàn gbangba pé jíìnì yìí gan-an ló ń sọ sẹ́ẹ̀lì T di onílàjà. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T onílàjà. Wọ́n kéré níye, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń di àwọn tó yọ́ jáde yẹn lọ́wọ́ mú. Níbi tí onílàjà ò bá sí, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá ta létí àwọn tó ń jà mọ́, ibẹ̀ ni àìsàn ara-ń-bá-ara-jà ti ń ráyè wọlé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìtòkú. Bí èèyàn bá fẹ́ la ojú, ọpọlọ á rán iṣẹ́ gba orí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kiri ara. Iṣan yẹn ò fara kan ẹran tó ń fa ìpéǹpéjú sókè. Àlàfo bíńtín kan wà láàárín wọn. Ońṣẹ́ kan tó ń jẹ́ acetylcholine ló ń sọdá àlàfo náà, á kan ilẹ̀kùn lára ẹran, ẹran á sì súnkì. Lára bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tí myasthenia mú káàkiri ara, sẹ́ẹ̀lì B ti gba àṣẹ òdì, ó ti ṣe áńtíbọ́dì tó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn. Ó ń dí wọn, ó sì ń pe èròjà mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀ wá wó wọn. Láàárọ̀, tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi, ońṣẹ́ pọ̀, ilẹ̀kùn díẹ̀ tó kù á gbé e. Bí iṣẹ́ bá ti ń gorí iṣẹ́, ońṣẹ́ á máa dín kù, ìpéǹpéjú á wálẹ̀. Yìnyín ọjọ́ yẹn ò ṣe ju pé òtútù fa ọwọ́ èròjà tó ń fọ́ ońṣẹ́ náà sẹ́yìn, ońṣẹ́ wá pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ní 1973 ni wọ́n fi ehoro mọ èyí dájú. Ẹja kan wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà tó ń gbáni bí iná mànàmáná, bí òjìjí tiwa. Ilẹ̀kùn acetylcholine pọ̀ lára rẹ̀ gan-an. Jim Patrick àti Jon Lindstrom yọ ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n gún ehoro lábẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ehoro lè ṣe áńtíbọ́dì sí i. Ehoro ṣe é, ló bá rọ jọwọrọ, kò lè gbé orí. Áńtíbọ́dì tó ṣe fún ilẹ̀kùn ẹja ti bá a wó ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Oògùn tó kọ́kọ́ ran irú ìyá yìí lọ́wọ́, ilẹ̀ wa ló ti hù. Àwọn Ẹ́fíìkì ní Kàlàbá ní ẹ̀wà olóró kan, esere, tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn jẹ láyé àtijọ́. Bó bá kú, wọ́n á ní ó jẹ̀bi. Inú ẹ̀wà yẹn ni wọ́n ti yọ physostigmine. Ní 1934, dókítà obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Mary Walker, ṣàkíyèsí pé aláìsàn myasthenia jọ ẹni tí oró ọfà kan tó ń jẹ́ curare ti bà, physostigmine sì ni ẹ̀rọ̀ oró yẹn. Ó gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ rẹ̀, agbára padà sí i lára fún wákàtí díẹ̀. Pyridostigmine tí àwọn dókítà ń kọ fún wọn lónìí, ọmọ ìyá kan náà ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá ẹ̀wà náà kiri o, pípa ló ń pani.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ní myasthenia, tàbí tí ẹbí rẹ̀ ní in, di ọ̀rọ̀ yìí mú: oògùn tí a máa ń rà lọ́wọ́ kẹ́míìsì láìbéèrè lè gbé àìsàn náà dé ibi tí èèyàn ò ti ní lè mí mọ́. Ciprofloxacin wà lára wọn, abẹ́rẹ́ gentamicin náà wà níbẹ̀, kíníìnì àti kọlorokúìnì tí a fi ń lé ibà sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹ sọ orúkọ àìsàn náà fún ẹni tó ń ta oògùn kí ẹ tó sanwó.

Báwo ni ẹ̀ṣọ́ ṣe ń ṣi onílé mú fún olè? Àìsàn Guillain-Barré ló fi í hàn kedere jù. Èèyàn á jẹ adìyẹ tí kò jinná tàbí kó mu omi tí kò mọ́, á yàgbẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, á sàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ṣe é gìrìgìrì, ẹsẹ̀ á rọ, ọwọ́ á tẹ̀ lé e, àìlera náà á máa gòkè bí odò Ògùn lásìkò òjò. Kòkòrò Campylobacter tó fa ìgbẹ́ gbuuru yẹn ló fi irú ṣúgà kan bo ara, ṣúgà yẹn sì jọ èyí tó wà lára iṣan wa. Áńtíbọ́dì tí ara ṣe fún kòkòrò wá ń lẹ̀ mọ́ iṣan. Macrophage á tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀, á máa bó awọ iṣan jẹ. Bí ẹnì kan tàbí méjì ló ń mú nínú 100,000 èèyàn lọ́dún. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ló ń nílò ẹ̀rọ tó ń báni mí, nítorí náà ẹsẹ̀ tó bá ń rọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan kò ṣeé fi sílẹ̀ mọ́jú. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń padà rìn.

Ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ní ààbò tiwọn. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá ti gbọ́ ìtàn odi tó yí Abẹ́òkúta ká, tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wá forí sọ lẹ́nu bodè Aró ní 1851, á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ògiri àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ fún pọ̀ gan-an, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wọlé bó ṣe wù ú. Nínú àìsàn multiple sclerosis, tí wọ́n ń gé kúrú sí MS, sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n ti tan jẹ ní òde á di ògiri náà mú, á fún ara rẹ̀ gba àárín rẹ̀ wọlé, á pe àwọn yòókù wá. Ohun tí wọ́n ń bó ni myelin, ìbora tó wà lára iṣan bí rọ́bà ara wáyà iná. Ibi tí wáyà bá ti bó sílẹ̀, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán ò ní dé: ojú kan á ṣókùnkùn, ẹsẹ̀ á kú tipiri, èèyàn á máa tàgékàgé. Natalizumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004, ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń di ògiri mú ló ń dí. Ó pẹ́ tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì T nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n wá lo oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì B, ìkọlù tuntun lọlẹ̀ kíá, bẹ́ẹ̀ áńtíbọ́dì ò tíì dín kù. Ohun tó yé wọn látinú ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì B ń ṣe ju kó máa ṣe áńtíbọ́dì lọ. Ó wà lára àwọn tó ń nawọ́ sí ẹni tí sẹ́ẹ̀lì T á lù.

Ibi tí àṣìṣe MS ti bẹ̀rẹ̀ náà ti ń hàn díẹ̀díẹ̀. Ní 2022, àwọn onímọ̀ Harvard yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù 10 wò. Lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr bá wọ ara ẹnì kan, ewu MS lára rẹ̀ ń di ìlọ́po 32. Púpọ̀ jù lọ nínú wa ló sì ti ní fáírọ́ọ̀sì yìí lára láìmọ̀, tí MS ò sì ní ṣe wá títí ayé.

MS ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa bíi ti ilẹ̀ òtútù. Èyí tó ń mú aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ, tó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, ni ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní neuromyelitis optica. Ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló fẹ́ràn láti kọlù. Nígbà míì, òsúkè tàbí èébì tí kò dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló máa ń ṣáájú. Ní 2004 ni Vanda Lennon àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí áńtíbọ́dì tó ń fà á. Ó ṣe pàtàkì kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára MS, torí àwọn kan nínú oògùn MS ń mú un le sí i ni. Gbogbo ojú àti ẹsẹ̀ tó ń bàjẹ́ pọ̀ kọ́ sì ni ìjà ara o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun ti ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn ló tọ ipasẹ̀ irú rẹ̀ kan lágbègbè Ẹ̀pẹ́ dé ìdí gbágùúdá tí oró rẹ̀ ò tán, tí àwọn èèyàn ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹja tàbí ẹran tó tó.

Ará Abẹ́òkúta ò lè sọ̀rọ̀ ọpọlọ kó má dárúkọ Aró, ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn dàrú. Níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti 1954, dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ ìlú yìí gan-an, máa ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ nígbà náà sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí kan á tẹ̀ lé aláìsàn wá, wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á sun ilé lálẹ́. Iyì ńlá ni ìyẹn fún wa. Ṣùgbọ́n orúkọ Aró lẹ́nu wa ti di ohun tí a fi ń bú èèyàn, ìtìjú yẹn sì ń pa àwọn kan tí kò yẹ kó kú.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọbìnrin kan á wà, bí ọmọ ọdún 20, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fa wàhálà rí. Orí á fọ́ ọ, ibà díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan oorun á dá lójú rẹ̀, á máa sọ kántankàntan, á ní ìyá òun fẹ́ fi májèlé sí oúnjẹ òun. Wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gìrì á bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa lọ bí ẹni ń jẹ nǹkan, ara á le gbagidi, mímí á di ìṣòro. Ní 2007, Josep Dalmau àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí àwọn obìnrin kan tí kókó wà nílé ẹyin wọn. Irú kókó yìí lè ní irun, eyín, àní ẹran tó jọ ti ọpọlọ nínú. Ẹ̀ṣọ́ ara bá ẹran ọpọlọ pàdé níbi tí kò yẹ kó wà, ó kà á sí àlejò, sẹ́ẹ̀lì B ṣe áńtíbọ́dì sí i, áńtíbọ́dì náà sì ń yọ ilẹ̀kùn kan tó ń jẹ́ NMDA kúrò lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ilẹ̀kùn yẹn la fi ń rántí nǹkan, òun la fi ń mọ òótọ́ yàtọ̀ sí àlá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní kókó o. Ó ń mú ọkùnrin, ó ń mú ọmọdé.

Ìwádìí tó jáde ní 2013 tọ ipasẹ̀ aláìsàn 577. Nínú àwọn tí wọ́n lè tẹ̀ lé fún oṣù 24, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló padà bọ̀ sípò dáadáa, àwọn tí ìtọ́jú sì tètè kàn ló ń ṣe dáadáa jù. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn òbí. Bí orí ẹnì kan tí kò ṣe irú rẹ̀ rí bá dàrú láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ibà, gìrì tàbí ara líle sì bá a wọlé, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé à ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n ní ó ń sọni di arọ. Ìsàlẹ̀ ibi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí ni wọ́n ti ń fà á, kì í kan okùn náà.

Ìtọ́jú wà. Prednisolone máa ń pàrọwà fún ẹ̀ṣọ́ lápapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣiṣẹ́ fún Guillain-Barré. Wọ́n lè fa omi ẹ̀jẹ̀ tí áńtíbọ́dì kún inú rẹ̀ jáde kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò, nínú myasthenia, wọ́n lè yọ thymus àgbàlagbà, wọ́n lè fi rituximab pa sẹ́ẹ̀lì B. Ní 2023, àjọ ìlera àgbáyé fi rituximab kún àwọn oògùn tó ṣe kókó fún MS. Ní Nàìjíríà, àpò ẹbí ni púpọ̀ nínú owó yìí ti ń jáde, ó sì ń dùn mí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ná lórí àgbo afúnni-lágbára kí wọ́n tó mọ orúkọ àìsàn ti jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń lu onílé, tí wọ́n wá ń ra kùmọ̀ kún kùmọ̀ fún! Ẹni tó ń lo prednisolone pẹ́, kó má ṣe dá a dúró lójijì. Kó sọ fún dókítà bí ikọ́ àwúgbẹ bá ti ṣe é rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà ní Ìtòkú. Ó ti ń lọ sí aago mẹ́ta. Fóònù ìyá dún, wọ́n tú etí ìró, wọ́n mú kóró oògùn kan, wọ́n fi omi gbé e mì, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo ti mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, mo ń nawọ́ sówó. Wọ́n gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n nà án sínú oòrùn, wọ́n fi ojú méjèèjì wò ó láti òkè délẹ̀.

“Fi ìyẹn sílẹ̀,” ni wọ́n wí, wọ́n fi ìka kan igun rẹ̀. “Aró ò mú un níbí.”